Ẹyin Inú Ìgò àti Eyín Àwọn Ọmọ Wa

  Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ṣí nínú Bíbélì yín lọ́tẹ̀ yìí ni ìwé wòlíì Ìsíkíẹ́lì, orí 18, láti ẹsẹ 1 dé ẹsẹ 4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á kí ẹ tó máa bá wa bọ̀.

Òwe kan ni Ọlọ́run ń bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wí lé lórí níbẹ̀. Wọ́n wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì, ayé nira fún wọn, wọ́n wá ń sọ láàárín ara wọn pé bàbá ló jẹ àjàrà kíkan, ọmọ ni eyín rẹ̀ wá ń kan. Ẹni tó bá ti jẹ mángòrò àìpọ́n rí mọ bí eyín ṣe ń kan. Ohun tí wọ́n fi òwe náà sọ ni pé, kì í ṣe ẹ̀bi tiwa, àwọn tó ṣíwájú wa ló fà á. Ọlọ́run sì dá wọn lóhùn pé òun kò fẹ́ gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu wọn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ka orí yìí, tí a ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀, tí a sì ti ṣe Àmín. Kò sí ìgbà kankan tó wá sí wa lọ́kàn pé ó lè kan eyín gan-an, eyín inú ẹnu, àfi ìgbà tí a rí ẹyin márùn-ún nínú ìgò.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé ìsìn wa pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Mẹ́ta nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí lọ, nítorí pé àwọn ọmọ-ọmọ wa wà níbẹ̀. Ẹní àti apẹ̀rẹ̀ ni a rò pé a fẹ́ lọ wò. Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni ẹsẹ̀ wa dúró sí. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n da omi lásán sí ọ̀kan, omi tí wọ́n po ṣúgà sí wà nínú èkejì, mínírà dúdú nínú ẹ̀kẹta, mínírà olómi ọsàn nínú ẹ̀kẹrin, fínígà nínú ẹ̀karùn-ún. Ẹyin adìẹ bíbọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ni tíṣà ní kí wọ́n mú wá, nítorí pé ẹyin agíríìkì sábà máa ń pupa, àbàwọ́n kò ní hàn lára rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ wa.

Ọmọbìnrin kan ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa. Ó ní bí àwọn ṣe ju ẹyin sínú fínígà báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó wìriwìri lára. Ní ọjọ́ kejì, èèpo rẹ̀ ti di rírọ̀ bí awọ. Ẹyin inú mínírà dúdú ti dúdú bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ ní aró, nígbà tí wọ́n sì fi ìka fọwọ́ rà á, ó ń ṣe kẹ́rẹkẹ̀rẹ, nǹkan bí ìyẹ̀fun sì ń kù sí wọn lọ́wọ́. Ti inú mínírà olómi ọsàn náà kò dán mọ́. Èyí tó wà nínú omi lásán wà bó ṣe wà. Tíṣà wá fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín kí wọ́n fọ ẹyin dúdú náà. Wọ́n fọ̀ ọ́, àwọ̀ dúdú náà ṣí díẹ̀díẹ̀, ẹyin tún funfun, ṣùgbọ́n kẹ́rẹkẹ̀rẹ ara rẹ̀ kò lọ. Ohun tó ti jẹ kúrò ti jẹ kúrò.

Ẹ má gbàgbé ẹyin inú omi ṣúgà o. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni. Ìyá kan tó dúró tì wá pariwo pé, “Ẹ ò rí i! Ṣúgà ò ṣe nǹkan kan! Ẹ ti ń bẹ̀rù lásán!” Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a yọ̀.

Tíṣà ò jẹ́ ká yọ̀ pẹ́. Ó ní, “Mà, ẹyin kò ní ẹnu.” Ó wá ṣàlàyé. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún èèpo ẹyin, bíi 95 ló jẹ́ kálísíọ̀mù kábónéètì, ohun kan náà tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ásíìdì ló ń yọ ọ́. Ásíìdì wà nínú fínígà, ó wà nínú mínírà dúdú, ó sì wà nínú mínírà olómi ọsàn, irú èyí tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ṣúgà kì í ṣe ásíìdì, ìdí nìyẹn tí kò fi rí ẹyin ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ẹnu èèyàn, àwọn kòkòrò àìfojúrí wà tí ń gbé lára eyín. Àwọn ni ṣúgà ń bọ́. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, ásíìdì ni wọ́n ń yà jáde, ara eyín náà ni wọ́n sì ń yà á sí. Nítorí náà, ẹni tó ń mu mínírà gba ìyà lẹ́ẹ̀mejì: ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ látilẹ̀ ń yọ eyín, ṣúgà inú rẹ̀ sì ń ran àwọn kòkòrò lọ́wọ́ láti ṣe òmíràn.

Kì í ṣe kòkòrò tí àwọn oníṣègùn ojú títì ń yọ ni tíṣà ń sọ o. Àwọn kan nínú wa ṣì ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n á fín èéfín sí ọmọ lẹ́nu, tí wọ́n á wá fi nǹkan funfun wínníwínní han ìyá nínú abọ́ omi pé kòkòrò eyín nìyẹn. Láti ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, dókítà eyín ará Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun wá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ títí, òun kò rí i. Ní 1890, Willoughby Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé bí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe ń sọ oúnjẹ aládùn di ásíìdì lẹ́nu. Ẹ fi owó èéfín yẹn gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì náà béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀. Ó ní ẹyin sùn mọ́jú nínú mínírà. Ta ló ń gbé mínírà sẹ́nu sùn? Òtítọ́ ni. Tíṣà sì gbà pé ẹyin kì í ṣe eyín. Awọ líle tó bo eyín le ju èèpo ẹyin lọ, kódà kò sí ohun tó le tó o nínú gbogbo ara èèyàn. Ọlọ́run sì fi itọ́ sí ẹnu wa, tó ń ṣan ásíìdì kúrò, tó sì ń dá kálísíọ̀mù padà sí ara eyín. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bíi 5.5. Mínírà dúdú máa ń wà ní nǹkan bíi 2.5. Bí èèyàn bá mu ún lẹ́ẹ̀kan, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì gbà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnu tó padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá wá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, tó mu ún láàárọ̀, tó dé e, tó tún ṣí i lọ́sàn-án, tó tún fà á lẹ́ẹ̀kan lójú sùnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ, kò jẹ́ kí itọ́ sinmi. Tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹyin inú ìgò mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ lemọ́lemọ́ yìí bà wá nínú jẹ́. Ní àwọn ọdún 1940, ní ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Vipeholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn kò pé ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá eyín wọn á bàjẹ́. Eyín wọn bàjẹ́ púpọ̀, ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ ló sì burú jù. A rí ẹ̀kọ́ kọ́, ṣùgbọ́n lára àwọn tí kò lè sọ pé àwọn kọ̀ ọ́ ni a ti kọ́ ọ. Kò yẹ kí ìyá tó mọ èyí tún máa fi ọmọ tirẹ̀ dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí, nítorí pé ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun wá.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ni a fi orí Sáàmù kan sí lẹ́nu láti kà lórí. Òun ló máa ń gba ipò kìíní. Nígbà tó kan án, ó dìde, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ka ẹsẹ méjì, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Gbogbo ìjọ rò pé ẹ̀rù ló bà á. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wa, ló wá sọ fún wa pé ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ọmọ náà kò tíì sùn. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín lọ́jọ́ Ajé, wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn kan tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ń tu ara rẹ̀ nínú pé yóò hù padà, ọmọdé ṣá ni. Dókítà ní kò ní hù mọ́. Ó ní ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín ńlá àkọ́kọ́ ti máa ń yọ lẹ́yìn àwọn eyín tí ọmọ kọ́kọ́ hù, láìjẹ́ pé ọ̀kan kán kó tó yọ. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í mọ̀. Wọ́n á rò pé èyí tó máa já ni, bẹ́ẹ̀ èyí tí ọmọ máa gbé dàgbà, tó yẹ kó gbé darúgbó, nìyẹn.

Dókítà wá béèrè ohun tí ọmọ náà máa ń jẹ. Ìyá rẹ̀ ní nílé, òun kì í fún un ní mínírà, owó rẹ̀ pọ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé, “Ní Súńdè Sùkúù ni wọ́n ti máa ń fún mi, torí mo máa ń mọ ẹsẹ tèmi.”

Ẹ̀yin ìyá, àwa ni. Àwa ni a ń ra súìtì olówó ńlá ńlá, tí a ń pín in fún ọmọ tó bá mọ ẹsẹ Bíbélì. Àwa ni a ń fi mínírà dá ẹni tó gba ipò kìíní lọ́lá. Ọmọ tó gbọ́n jù ni eyín rẹ̀ bàjẹ́ jù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, a dákẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò pẹ́. Ìyá àgbà kan ní kí a má sọ ayé di ahoro fún ọmọdé; ó ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn jẹ àádùn, àwọn jẹ oyin, eyín àwọn ṣì wà lẹ́nu. Akápò wa náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì le jù. Ó ní gbogbo wa la mọ ibi tí owó ẹgbẹ́ ti ń wá. Mínírà tí a ń tà lẹ́yìn ìsìn ni a fi ń bẹ àwọn aláìsàn wò, òun ni a fi san owó iléèwé fún ọmọ opó méjì lọ́dún tó kọjá. Bí a bá dá a dúró, ta ló máa san án? Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Omijé wà lójú rẹ̀.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. A kò sì ní í sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti mu mínírà. Àwọn oníwàásù kan ti sọ gbogbo nǹkan di ẹ̀ṣẹ̀ tán, wọn ò jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an mọ́. Ìwé Òwe 25, ẹsẹ 16, kò ní kí ẹni tó bá rí oyin má jẹ ẹ́. Ìwọ̀n ni ó sọ. Oyin ìyá àgbà wa, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí i, nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tó fín in nínú igbó. Orín sì wà lẹ́nu wọn láàárọ̀, orín àtà tàbí pákò Ìjẹ̀bú, wọ́n á rún un títí oòrùn á fi gòkè. Ìgò mínírà kan tí ó gba 50 cl, tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100 ml, bí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń súnmọ́, gíráàmù 50 ló wà nínú rẹ̀. Horo ṣúgà méjìlá nìyẹn, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Ta ni nínú wa tó máa ka horo ṣúgà méjìlá sínú ife tíì kan? Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2015 pé ó dára kí àgbàlagbà má jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́. Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ti mínírà yìí, ìkorò ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwa ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kì í sì í ṣe àjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1746, John Wesley pa tíì tì, ó sì kọ lẹ́tà kan jáde ní 1748 tó fi ń rọ àwọn èèyàn rẹ̀ pé owó tí wọ́n bá ti ibẹ̀ fi pamọ́ á tó bọ́ aláìní. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìlá, ó tún padà sí i nítorí ìmọ̀ràn dókítà, nítorí náà kò sọ ọ́ di òfin ayérayé. Ṣúgà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú oko ìrèké ní Bahia àti ní Kúbà ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tí wọ́n tà lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1791, William Fox kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní Ìlú Ọba tó fi ní kí wọ́n má ra ṣúgà oko ẹrú mọ́, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé níbẹ̀ sì gbé abọ́ ṣúgà kúrò lórí tábìlì wọn. Àwọn obìnrin tí kò mọ̀ wá rí ni o, wọ́n fi adùn ẹnu wọn sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí wọn kò rí. Àwa ń wo ojú àwọn ọmọ tiwa.

Nítorí náà, a ti kọ́kọ́ fẹnu kò sí èyí tí kò ní í ná wa ní kọ́bọ̀. Súìtì àti mínírà kì í ṣe ẹ̀bùn Súńdè Sùkúù mọ́. Pẹ́ńsùlù, ìwé ìkọ̀wé, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Nílé, bí ọmọ bá máa mu mínírà, kó mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kó sì mu ún tán, kó má máa gbé e kiri. Kó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Kó má sáré mú búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ara eyín ti rọ̀ nígbà náà. Kó dúró tó wákàtí kan. Ẹ má fi ìgò oníṣúgà sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sùn lóru, nítorí itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn bí èèyàn bá ń sùn. Orín dára, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride náà dára, nítorí ó ń mú kí ara eyín le sí ásíìdì.

Ẹnìkan dábàá pé kí a máa ta zóbò dípò mínírà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, títí tí ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ fi rán wa létí pé ìṣápá náà kan, ìwọ̀n ṣúgà tí a sì máa ń dà sí i, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. A rẹ́rìn-ín ara wa. Bí a bá máa tà á, kí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, kó má sì jẹ́ ti ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni kò tíì yanjú. Akápò ti ṣe ìṣirò, iye tó ń wọlé lórí mínírà kì í ṣe kékeré, ilé-ìwé àwọn ọmọ opó náà yóò sì wọlé ní oṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan ní kí a máa ta omi àti mọ́ín-mọ́ín. Àwọn kan ní kí kálukú wa fi iye ìgò mínírà kan kún owó oṣù rẹ̀. Èyí tó wù kí a ṣe, kò dáa kí a fi eyín ọmọ kan san owó iléèwé ọmọ mìíràn. Ní ìpàdé Ọjọ́bọ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ lọ́rùn.

Ọmọbìnrin wa yẹn ti ń sùn lóru báyìí. Ó ní òun fẹ́ ka Sáàmù òun parí, a sì ti fi ọjọ́ ìpàdé náà fún un. Tíṣà kíláàsì karùn-ún ti gbà pé àwọn ọmọ òun á wá tún ìdánwò náà ṣe lójú wa nínú gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n á ju ẹyin sínú ìgò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí a lè rí i lọ́jọ́ Ọjọ́bọ. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́fà la nílò, kí a lè ní ọ̀kan tí a máa fi pamọ́ bí èyí kan bá fọ́. Ẹni tó bá ní adìẹ tó ń yé, kó jọ̀wọ́ kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọjọ́ Ajé tó kọjá.